Àpólò wọ kíláàsì ọmọ mi: ṣé ilé ló yẹ kó jókòó sí ni?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìmọ̀, Iléṣà:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ mi wà ní Praimárì Kẹta ní ilé-ìwé aládàáni kan níbí. Àpólò ti wọ kíláàsì wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kó fi jókòó sílé, bó bá sì pàdánù tẹ́ẹ̀sì, òdo ni wọ́n máa kọ fún un. Láràárọ̀ wọ́n á na nǹkan kan bí ìbọn sí iwájú orí àwọn ọmọ lẹ́nu géètì, wọ́n á fọ́n sànítáísà sí wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀ ó ń ràn. Títíṣà wọn ní kí wọ́n má wo ojú ara wọn. Lánàá ni ojú ọ̀tún ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ṣé kí n dá a dúró ni, àbí kó lọ? Kí tiẹ̀ ni ilé-ìwé lè ṣe tí àìsàn kò fi ní máa ti ara ọmọ kan bọ́ sára èkejì? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á."

* * *

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn kí n tó bọ́ sí síkibéè, ìyẹn yàrá ìtọ́jú aláìsàn, ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé, Iléṣà yìí náà sì ni gbogbo ẹ̀. Mo máa dá yín lóhùn, àmọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀, torí mo rí i pé àwọn èèyàn ti da ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀ lábẹ́ ìbéèrè yín: àpólò, ibà, àti ìbínú sí àwọn onílé-ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ojú wíwò kúrò nílẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó ń kó àpólò nítorí pé ó wo ojú ẹni tó ní in. Ọwọ́ ló ń gbé e kiri. Ọmọ á fọwọ́ nu omijé, á fi ọwọ́ yẹn di bẹ́ǹṣì mú, á yá ẹnìkejì ní pẹ́ńsù, ẹnìkejì á fọwọ́ ra ojú tirẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kó dà bíi pé ojú wíwò ló ń fà á ni pé ẹni tó bá sún mọ́ ọ débi tí ẹ fi ń wo ojú ara yín, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń fọwọ́ kan nǹkan kan náà. Gíláàsì dúdú tí wọ́n ń wọ̀ kò dí nǹkan kan lọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gún aláìsàn lójú ló ń bá a dín kù.

Ọdún 1969 ló bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, lásìkò tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi Apollo 11 lọ sí òṣùpá, òun làwọn èèyàn ṣe ń fi orúkọ ọkọ̀ náà pè é títí dòní. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Irú ti ọdún yẹn kì í fi àkókò ṣòfò: ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kó o, ojú á pọ́n, ìpéǹpéjú á wú, ẹ̀jẹ̀ á tiẹ̀ máa hàn lára funfun ojú nígbà míì. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, á ti máa lọ fúnra rẹ̀. Àwọn ojú pípọ́n míì wà tó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí ilé-ìwé yín wá kà lé gbogbo ọmọ lórí, wọ́n kàn fojú bù ú ni. Omijé ni èmi máa ń wò. Bí ojú bá ṣì ń ṣomi, tàbí tí ipin fi lẹ̀ pọ̀ láàárọ̀, kí ọmọ jókòó sílé. Bó bá ti gbẹ, kódà kó ṣì pọ́n díẹ̀, kó máa lọ.

* * *

Ẹnìkan tó ń gbé ní Ìlú Ọba ti kọ̀wé pé níbẹ̀, wọn kì í dá ọmọ olójú pípọ́n padà sílé, pé àṣejù ló ń bá àwa ará ilé jà.

Òótọ́ ló sọ nípa Ìlú Ọba. Ìlànà ìlera wọn níbẹ̀ kò ní kí wọ́n yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì torí ojú pípọ́n lásán. Ṣùgbọ́n ẹ wo kíláàsì tí ìlànà yẹn ń bá wí: ọmọ bíi ọgbọ̀n, kálukú pẹ̀lú àga tirẹ̀, tápù wà nítòsí, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tápù. Mo mọ kíláàsì níbí tí ọmọ mẹ́rin ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, tí apá ọmọ kan ń ha èkejì lára tí wọ́n bá ń kọ̀wé. Ní irú ibẹ̀, èmi á dá olómijé dúró sílé, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí tápù bá dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ká tún un sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ ká torí ẹ̀ lé ọmọ sílé. Làpálàpá kò yẹ kó gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Kó lo oògùn, kó máa bọ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n lé lọ ni àlùmọ́gàjí kan ṣoṣo tí àwọn títíṣà fi ń gé irun àwọn ọmọ tí irun wọn kún, láti orí dé orí, láìfọ̀. Ẹ ò rí i pé ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wọ́n gan-an ló ń pín làpálàpá?

* * *

Bàbá kan láti Òkèèṣà ní kí wọ́n ti ilé-ìwé pa fún ọ̀sẹ̀ kan, kí gbogbo ẹ̀ sì tán. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbè é lẹ́yìn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣẹ́gun Ebola.

Ẹ dákun, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Ní 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà wá gbé Ebola wọ Èkó. Tòun tirẹ̀, ogún èèyàn ló ní in ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Lóòótọ́ ni ìjọba sún ọjọ́ ìwọlé síwájú. Àmọ́ iṣẹ́ tó lé e lọ ni wíwá tí wọ́n wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn rí, èèyàn tó sún mọ́ 900, tí wọ́n ń lọ bá wọn nílé lójoojúmọ́ wo bí ara wọn ṣe rí. Títẹ̀lé ni. Èló nínú àwọn ilé-ìwé wa ló lè sọ, lónìí, orúkọ ọmọ tí kò wá láti ọjọ́ Ajé àti ohun tó ń ṣe é? Ìwé orúkọ wà lórí tábìlì títíṣà. Wọ́n ń fa ìlà sí i láràárọ̀, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n sì ti ilé-ìwé pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ṣé ilé ni àwọn ọmọ wà? Mo rí wọn ní ọjà Atakúnmọ́sà, wọ́n ń bá ìyá wọn to tòmátì. Mo rí wọn ní Ẹrẹ́jà, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Tí ẹ bá ti ilé-ìwé yín pa nítorí àpólò, lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ làwọn ọmọ kan náà ti máa pàdé, nínú yàrá tó tún kéré sí kíláàsì.

Ìgbà tí èmi lè gbà kí wọ́n tì í ni bí àwọn olùkọ́ bá ṣàìsàn débi tí kò ku ẹni tó máa dúró ti àwọn ọmọ. Ní ti onígbáméjì tí omi ilé-ìwé gbé wá, kànga ni kí wọ́n kọ́kọ́ tì.

* * *

Ní ti ìbọn iwájú orí: ibà ló ń wá, kò mọ nǹkan míì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní àpólò tí ara wọn tutù.

Èyí tó tún burú ni pé àwọn àìsàn kan ti ń ràn kí wọ́n tó hàn. Ọmọ tó ní ṣíkínpọ́ọ̀sì ti ń kó o ran àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kan tàbí méjì kí ìléròrò kan tó yọ lára rẹ̀, ó sì ń bá a lọ títí gbogbo èyí tó yọ á fi gbẹ, tó á sé èépá. Èéyi, ìyẹn mísùsù, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí ara tó sú ló ti ń ràn, àti ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ṣẹ́gẹ́dẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ dá ọmọ dúró fún ọjọ́ márùn-ún láti ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú. Ẹ ò rí i pé ẹnu géètì pẹ́ jù láti mú olè yìí? Tí wọ́n bá fẹ́ lo ìbọn náà, kí wọ́n lò ó. Kí wọ́n ṣá má rò pé àwọn ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ yẹn tán ní ago méje ààbọ̀.

Ká má tiẹ̀ tíì sọ ti parasitámọ̀ò.

* * *

Torí parasitámọ̀ò ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí.

Nígbà tí mo wà ní síkibéè, àwọn ọmọ tó ń ti ilé wá máa ń dé ọ̀dọ̀ mi ní nǹkan bí ago mọ́kànlá, ojú wọn á ti rọ, ara á máa gbóná. Mo máa ń bi wọ́n léèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kéré jù kò tíì mọ irọ́ pa: "Ó ti ń ṣe mí láti àná. Mọ́mì fún mi lóògùn láàárọ̀, wọ́n ní kí n má sọ." Oògùn ti tán lára, ibà ti padà, ọmọ ti jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Àwọn olùkọ́ á fárígá: "Ẹ wo àwọn òbí yìí! Wọn ò níwà!"

Mi ò bá wọn fárígá. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn. Ó ń lọ ata. Bí kò bá ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀, kò sí owó oúnjẹ lálẹ́, kò sì sí ẹni tó máa bá a wo ọmọ nílé. Ó ti san owó ọkọ̀ ilé-ìwé fún gbogbo táàmù. Ilé-ìwé ti sọ fún un pé tẹ́ẹ̀sì tí ọmọ bá pàdánù, òdo ni. Ẹ jókòó síbi tó jókòó sí, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tí ẹ máa ṣe. Òfin tó bá ń fi ìyà jẹ ẹni tó sọ òótọ́, irọ́ ló ń kọ́ wọn.

Nítorí náà, bí ilé-ìwé kan bá bi mí léèrè ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí wọ́n ṣe, mi ò ní dárúkọ ọṣẹ, mi ò ní dárúkọ sànítáísà. Mo máa ní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á sétí àwọn òbí, pé ọmọ tó bá jókòó sílé torí àìsàn tó ń ràn kò ní pàdánù ohunkóhun. Tẹ́ẹ̀sì, yóò ṣe é nígbà tó bá padà. Iṣẹ́ kíláàsì, kí títíṣà ya fọ́tò pátákó ìkọ̀wé, kó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Fún ẹni tí kò ní fóònù ńlá, kí ọmọ àdúgbò rẹ̀ bá a mú ìwé lọ. Kí wọ́n má sì dárúkọ ọmọ kankan lórí ìlà òwúrọ̀ pé "ẹ yàgò fún lágbájá". Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, tí wọ́n ń pè é ní "Àpólò" títí tó fi jáde ilé-ìwé náà. Ta ló máa jẹ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni, ọjọ́ tí títíṣà kò bá wá, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀. Títíṣà kan wà tí ojú rẹ̀ pọ́n bí osùn, ó fi gíláàsì dúdú bò ó, ó jókòó, ó ń máàkì ìwé gbogbo kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nu ojú, ó ń ṣí ìwé. Ọ̀gá rẹ̀ ń yìn ín pé ó ní ìfaradà. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀sẹ̀, kíláàsì ti dà bí ibi ìpàdé àwọn olójú pípọ́n.

* * *

"Bí a bá gba irú èyí láyè, àwọn ọmọ á máa fi àìsàn parọ́ sá fún tẹ́ẹ̀sì." Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ ìṣirò ló kọ ìyẹn.

Ọ̀gá, ẹ ò parọ́. Wọ́n á ṣe é. Mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tó fi róòbù ra ojú kí n lè kọ ìwé fún wọn pé àpólò ni. Ohun tí mo máa ń ṣe kò le: mo máa ní kí wọ́n fi omi tútù ṣan ojú dáadáa, kí wọ́n jókòó tì mí. Ojú róòbù á ti balẹ̀ kí ìsinmi ìjẹun tó dé, ọmọ á sì padà sẹ́nu ìṣirò yín. Ojú àpólò kò ní balẹ̀. Tí ọmọ kan bá tilẹ̀ rí ọ̀nà parọ́, tó ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ni a pàdánù? Ẹ kàn máa yí ìbéèrè padà díẹ̀ ni.

* * *

Ó wá kan omi.

Gbogbo yín lẹ dárúkọ sànítáísà, kò sí ẹni tó bèèrè ibi tí omi wà. Ọwọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ni sànítáísà wúlò fún. Ọmọ tó ti fi erùpẹ̀ pupa ṣeré, tí epo àkàrà ṣì wà níka rẹ̀, ọtí tó wà nínú sànítáísà kò lè dé ibi tí àrùn fara pamọ́ sí. Àwọn fáírọ́ọ̀sì míì tó ń fa ojú pípọ́n àti ìgbẹ́ gbuuru sì wà tí ọtí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí gbé ṣe. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló ń ṣí wọn kúrò lọ́wọ́. Mo ní omi tó ń ṣàn o. Abọ́ kan tí gbogbo kíláàsì ń tọwọ́ bọ̀ ṣáájú oúnjẹ, àrùn ni wọ́n ń pín níbẹ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì onítápù tí gbogbo ilé-ìwé rà ní 2020 dára. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé yín, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, ìwé ìdánwò àtijọ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Bí kò bá sí, kẹ́ẹ̀gì lítà 5 kan ti tó. Ẹ lu ihò kékeré sí i nítòsí ọrùn, ẹ so ó kọ́ sára igi tó dábùú, kí ẹ wá so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, sára igi pẹlẹbẹ tí ọmọ máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀, omi á sun. Kò sí ìdí láti fọwọ́ kan nǹkan kan àfi ọṣẹ. Ọṣẹ náà, ẹ fi sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ so ó mọ́ igi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti bá ẹnìkan lọ sílé kó tó dọ̀la.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò kinní kan, olùkọ́ ìṣirò, ẹ wá síbí. Ọgọ́ta ọmọ, tápù kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan lo ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ogún ìṣẹ́jú ti lọ nìyẹn, ìsinmi ìjẹun kò sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ọmọ wo ló máa dúró? Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fọwọ́, kì í ṣe oríkunkun. Tápù méjì tàbí mẹ́ta, tàbí kí kíláàsì kan máa jáde ṣáájú èkejì. Kí títíṣà sì dúró tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ti kíláàsì àwọn ọmọ nọ́sìrì: táwẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ẹ mú un kúrò lónìí. Kọ́ọ̀pù tó wà lórí dírọ́ọ̀mù omi náà ńkọ́? Kí kálukú máa mú ike omi tirẹ̀ wá.

* * *

Ìyá kan bèèrè lórí ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé: ṣíkínpọ́ọ̀sì mú ọmọ rẹ̀, wọ́n ní kó wá mú un lọ, Èkó ni òun sì ń gbé.

Inú mi kì í dùn sí èyí. Ẹ gbé ọmọ tó ń ran èèyàn, ẹ fi sínú bọ́ọ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí, láti Iléṣà dé Èkó, pẹ̀lú aboyún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá. Aboyún tí kò ní ṣíkínpọ́ọ̀sì rí, kì í ṣe eré fún un. Nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ni gbogbo èyí tó yọ fi máa ń gbẹ. Yàrá kan ní síkibéè, ẹni tó ti ní in rí láti máa gbé oúnjẹ fún un, kálámáìnì fún yíyún, parasitámọ̀ò fún ibà. Kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ ní asipirín-ìn, ó léwu púpọ̀ pẹ̀lú ṣíkínpọ́ọ̀sì. Ìyá á máa pè é lórí fóònù. Tí òbí bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, tó sì fẹ́ mú un lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Olùkọ́ tó bá lóyún, kó má bọ́ sí kíláàsì yẹn títí ọ̀rọ̀ fi máa rọlẹ̀.

* * *

Èéyi yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, torí ọwọ́ fífọ̀ kò lè dá a dúró. Afẹ́fẹ́ ló ń bá lọ. Ọmọ tó ní in lè jáde kúrò nínú yàrá, kí ohun tó wúkọ́ sílẹ̀ ṣì máa ràn níbẹ̀ fún bíi wákàtí méjì. Fèrèsé ṣe pàtàkì. Àwọn ilé-ìwé míṣọ́n àtijọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ògiri wọn kò dé òkè, atẹ́gùn ń gba ibí wọlé, ó ń gba ọ̀hún jáde. Ẹ wá wo àwọn tiwa tó jẹ́ yàrá ilé gbígbé, fèrèsé kan, wọ́n tún fi àwòrán A-B-D dí i.

Àmọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni òògùn rẹ̀, ìlẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ilé-ìwòsàn Wesley Guild tó wà ní Iléṣà níbí ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, tó dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, tó ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, tó sì ń kọ ọ́ síta bí èéyi ṣe ń pa àwọn ọmọ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, agbègbè wa yìí wà lára ibi tí wọ́n ti dán àjẹsára rẹ̀ wò. Ẹni tó bá wá ń sọ lónìí pé abẹ́rẹ́ yìí ń sọ ọmọ di àgàn, kó wo àwọn tó ti gbà á látìgbà yẹn wá: àwọn ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ìgbà àkọ́kọ́, oṣù márùndínlógún ni ìkejì. Ìkejì yẹn làwọn òbí máa ń gbàgbé. Kí ilé-ìwé bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ nígbà tí ọmọ bá ń wọlé. Mi ò ní kí wọ́n lé ẹni tí kò ní in. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìlera tó sún mọ́ wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ní ti èéyi, nǹkan bí márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló yẹ kó ti gbà á kó tó di pé kò rí ọ̀nà gbà. Ọmọ díẹ̀ tí kò gbà á nínú kíláàsì kan ti tó fún un.

Bó bá ti mú ọmọ, ẹ má fi oúnjẹ àti omi dù ú, ẹmu tí ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́ kò sì pa kòkòrò kankan. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n fún un ní fítámì A, kí wọ́n wo àyà rẹ̀ àti ojú rẹ̀.

* * *

Mo rí i pé wọ́n ti ń kọ oògùn àpólò síbí: omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà. Rárá o. Ojú tó ti ń jagun lẹ ń da ìdọ̀tí sí. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni oògùn ojú tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì láìbèèrè nǹkan kan, tí dẹkisamẹ́tásóònù wà nínú rẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń dín agbára ara láti bá kòkòrò jà kù. Pípọ́n á wálẹ̀ kíá, ẹ ó máa yin oníkẹ́mísì, àmọ́ irú kòkòrò kan wà tó máa fi àyè yẹn jẹ ẹyinjú. Omi tí a sè tó ti lọ wọ́ọ́rọ́, aṣọ funfun tó mọ́, ọ̀tọ̀ fún ojú ọ̀tún, ọ̀tọ̀ fún tòsì. Bí ìríran bá ń ṣú, bí ojú bá ń dùn ún gidi, tàbí tó bá jẹ́ ọmọ ìkókó, ẹ má dúró, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni.

* * *

Ìyá wa ní Ìmọ̀ ti padà wá: "Ó ti ń ṣomi láti òwúrọ̀, ojú òsì náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti dá a dúró. Ilé-ìwé ṣì ní òdo ni. Ṣé kí n lọ bá wọn jà?"

Ẹ ṣeun tí ẹ dá a dúró. Ìgbà tó jẹ́ pé ó kàn ń yún un, ó lè jẹ́ eruku. Ojú kan tó ṣomi tí èkejì sì tẹ̀ lé e yìí, àpólò ni kí ẹ kà á sí. Ìrọ̀rí tirẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ má bá a sùn pọ̀ fún ìgbà yìí. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tọ́jú ojú rẹ̀.

Ẹ má lọ jà. Ẹ má sì dá lọ. Ẹ mú òbí méjì tí ọmọ wọn náà wà nílé, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ̀sán, nígbà tí ariwo ti lọ sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tiyín. Ẹ bi í léèrè pé ọmọ mélòó ló ti ní in báyìí, àti pé mélòó ni àwọn òbí ti fi pamọ́ torí òdo yẹn. Kò ní mọ iye rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ní kó jẹ́ kí wọ́n tún tẹ́ẹ̀sì ṣe fún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, kí ọmọ tí ojú rẹ̀ ti gbẹ sì máa padà wá láìka ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ní kò sówó ọṣẹ, ẹ ní PTA á mú un wá: kí òbí kọ̀ọ̀kan mú ọṣẹ ìfọṣọ kan wá ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́. Kí wọ́n má gba owó o, torí owó ọṣẹ ti wà nínú bíìlì táàmù yìí, mo fẹ́ kí ẹ rántí bèèrè ibi tó lọ.